Okùn Márùn-ún Lára Ògiri ní Treichville

Ẹnu Bísí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn okùn márùn-ún. Olùkọ́ ni Bísí, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní iléèwé kékeré kan ní Treichville, ní Abidjan. Nígbà tó wálé wá ṣọdún, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ẹ̀jìgbò, a ń jẹ ẹ̀pà, ló bá là á mọ́lẹ̀ pé: "Bàbá, mo ta okùn márùn-ún sára ògiri kíláàsì mi, mo sì sá àwọn ọmọ síbẹ̀ bí ẹni sá aṣọ."

Mo gbé ẹ̀pà kalẹ̀. "Bísí, ṣé kò sí o?"

Ẹ̀rín gbé e lọ. "Pẹ́ẹ̀gì ni mo sá o, kì í ṣe ọmọ! Orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan ni mo kọ sára pẹ́ẹ̀gì tirẹ̀."

Ó wá ṣàlàyé. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sọ́hùn-ún ń gbọ́ Yorùbá ketekete, ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi ń dáni lóhùn. Wọ́n ń ti kíláàsì bọ́ sí kíláàsì, aṣọ iléèwé ń mọ́, báàgì ń wúwo, ṣùgbọ́n gbé ìwé lé ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́wọ́, wọ́n á máa wò ó bí ẹni ń wo ògiri. Bísí ní kí òun bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè tí wọ́n ń gbọ́ nílé. Ọ̀sán ọjọ́rú àti òwúrọ̀ Sátidé, nígbà tí iléèwé ò sí, ó ń kó wọn jọ kí wọ́n lè kọ́ bí a ṣe ń ka Yorùbá. Ó ní ọmọ tó bá ti mọ bí lẹ́tà ṣe ń di ọ̀rọ̀ ní èdè ìyá rẹ̀, Faransé náà kò ní pẹ́ tẹ̀ lé e.

Kì í sì í dà wọ́n pọ̀ bí agbo àgùntàn. Á kọ́kọ́ pe ọmọ kọ̀ọ̀kan sí kọ̀rọ̀, á gbé ìtàn kúkúrú kan fún un pé kó kà. Bó bá kà á geere, pẹ́ẹ̀gì rẹ̀ di ti okùn òkè pátápátá, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá lè kà á, á fún un ní gbólóhùn kan ṣoṣo. Bí ìyẹn náà bá wọ́, ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀, sílébù, bíi ba, bíi lọ. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni lẹ́tà lásán. Ibi tí ọmọ bá ti kọsẹ̀ ni pẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ń dúró sí, àwọn tó bá wà lórí okùn kan náà á sì di ẹgbẹ́ kékeré kan tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Kò sẹ́ni tí í bi wọ́n léèrè ọjọ́ orí tàbí kíláàsì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, á tún gbọ́ wọn lẹ́nu, pẹ́ẹ̀gì á tún rìn.

"Ẹ wá bá mi sọ ìtàn fún wọn," ni Bísí wí, "kí wọ́n lè gbọ́ Yorùbá tó dùn."

Ẹni tí ìtàn sísọ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún! Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ ọ́n: ní Ẹ̀jìgbò wa, ẹni tí kò bá tíì dé Abidjan, ọmọdé pàápàá á máa wò ó bí ẹni tí kò tíì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ewú ti ń yọ lórí mi, n kò sì dé ibẹ̀ rí. Mo ní, "Bísí, ṣáájú mi lọ. Mo ń bọ̀."

*

Búrẹ́dì ń gùn sí i

N kò ní í fi ọ̀rọ̀ aṣọ́bodè dá yín lágara. Búrẹ́dì ni mo fi mọ ọ̀nà. Tiwa nílé, gìdìgbà ni, bíi bíríkì. A wọ Kutọnu báyìí, mo ní kí n ra búrẹ́dì, ọ̀pá ni wọ́n nà sí mi! Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n fẹ́ fi lù mí ni. A dé Lomé, ọ̀pá ṣì ni. A wọ Gánà, ó tún sún kì, ó di rògbòdò, ó sì dùn bíi kéèkì. A kúrò ní Gánà, ó tún na ara rẹ̀ tàntàn.

Ìyá kan tó jókòó tì mí, tó ti ń lọ tó ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà yẹn láti ìgbà ọmọge, wò mí títí. "Bọ̀dá, ẹlòmíràn ń wo ojú ọ̀nà, ẹ̀yin ń wo búrẹ́dì?"

"Màmá, ọ̀nà ò ṣeé jẹ."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gba ìdajì ọ̀pá mi jẹ.

Nígbà tí a fi máa rí ọ̀sà Abidjan lójú ọ̀nà, tí omi ń dán, tí àwọn ilé gíga dúró sẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni ń wo ojú ara wọn nínú dígí, mo ti dìde dúró nínú ọkọ̀. Awakọ̀ ní kí n jókòó. Mo jókòó. Mo tún dìde.

*

Omi ṣáájú ìròyìn

Bísí ń gbé inú àgbàlá kan ní Treichville, òun àti oríṣiríṣi ènìyàn. Màmá Akísí, ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Baoulé, ló kọ́kọ́ rí mi. "Akwaba!" ni ó fi kí mi káàbọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, nítorí ìyá náà dàgbà. Ó lérò pé mo ṣubú ni, ló bá sáré wá gbé mi. "Yako! Yako!" ni ó ń ké. Bísí ní pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. A jọ ń jìjàkadì nílẹ̀, èmi ń kí i, òun ń gbé mi.

Nígbà tí mo dìde tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn bí a ti ń kí: ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ará ilé ńkọ́. Màmá Akísí gbé ọwọ́ sókè pé kí n dákẹ́. Ó fi mí jókòó, ó gbé omi wá, ó ń wò mí títí mo fi mu ún tán. Nígbà náà ló wá bi mí ní Faransé, Bísí sì túmọ̀ rẹ̀: "Ìròyìn ni wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ yín."

Ìròyìn! Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Ẹ̀jìgbò. Mo sọ ti búrẹ́dì, mo sọ ti ìyá inú ọkọ̀, mo kọrin ibi tó yẹ ká kọrin, Bísí ń túmọ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwọn ará àgbàlá jáde. Oúnjẹ tí wọ́n bù fún mi tutù. Ìgbà tí mo parí ni Bísí tó sọ fún mi pé ohun tí àlejò ń sọ níbẹ̀ kò ju pé, "Kò sí nǹkan burúkú, mo kàn wá kí yín ni."

"Kí ló dé tí o ò tètè sọ?"

"Bàbá, ó ti dùn mọ́ èmi náà."

Màmá Akísí nu omijé ẹ̀rín, ó ní, "Anago!" Orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀ nìyẹn.

Oúnjẹ tó tutù náà ni àchẹ́kẹ́. Mo kọ́kọ́ wò ó tìfura-tìfura: gààrí kan tí kò gbẹ, tí wọn kò sì tẹ̀ ní ẹ̀bà, tí wọ́n gbé ẹja díndín lé lórí pẹ̀lú àlùbọ́sà àti tòmátò. Mo bèèrè ọbẹ̀. Wọ́n ní kò sí ọbẹ̀. Mo fi ẹnu kàn án. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ẹ̀bà wa bí ẹni ń wo ìyàwó àárọ̀.

*

Ewúrẹ́ tó lọ kí àna

Kí n tó sùn lọ́jọ́ náà, Bísí gbé bébà kan fún mi. "Ẹ bá mi wo àmì orí àwọn ọ̀rọ̀ yìí, Bàbá." Ìtàn kúkúrú ni, òun ló kọ ọ́: ewúrẹ́ gbé ewé iṣu lọ kí àna rẹ̀, ebi pa á lọ́nà, ó jẹ ewé náà tán, nígbà tí àna bi í pé kí ló mú wá, ó ní, "Ẹ̀bùn wà, àna mi, inú mi ló wà." Mo tún àmì tó ṣì ṣe, mo dá bébà padà. N kò bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ìtàn ni mo rí. Ẹni tó bá rí oúnjẹ kì í bèèrè orúkọ àwo.

Ọjọ́ kejì, tó jẹ́ Sátidé, mo dé kíláàsì. Àwọn ọmọ kún inú rẹ̀ bámúbámú, wọ́n ń pè mí ní Tọ́ntọ̀n, bí ọmọdé ti ń pe àbúrò bàbá rẹ̀ ní Faransé. Bísí ní òun fẹ́ dé ọjà Treichville lọ ra ṣọ́ọ̀kì, kí n bá òun mójú tó wọn díẹ̀. Kò tíì ré ìta kọjá tí wọ́n fi ní kí n sọ ìtàn. Èwo ló wà lórí ahọ́n mi? Ti ewúrẹ́ ni!

Mo sọ ọ́. Mo rìn bí ewúrẹ́. Mo jẹ ewé lórí afẹ́fẹ́. Nígbà tí ewúrẹ́ dé ẹnu ọ̀nà àna, eruku wọ̀ mí lọ́fun, mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, eruku ni," mo sì tẹ̀síwájú. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ọmọbìnrin kan jókòó níwájú, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju àga lọ. Kò mí. Àdùkẹ́ lorúkọ rẹ̀.

*

Okùn òkè fẹ́ já

Ọjọ́rú, Bísí pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan sí yàrá ẹ̀gbẹ́ láti gbọ́ kíkà wọn. Èmi wà lágbàlá, mo ń bá àwọn tó kù ṣeré. Nígbà tí a wọlé padà, gbogbo pẹ́ẹ̀gì ti gun òkè! Okùn òkè tẹ̀ wọnú bí ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru sìmẹ́ńtì. Àwọn okùn ìsàlẹ̀ ṣófo, eṣinṣin ló bà lé wọn. Bísí ń jó láàárín àga.

"Bàbá, wọ́n kà á! Gbogbo wọn! Mo kàn ń rò pé kí n ra oògùn fún wọn ni, ikọ́ ń jà láàárín wọn."

Èmi náà jó. Ta ni kò ní í jó?

Ìròyìn dé ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá Àdùkẹ́, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Díákónì, tó ń ta obì ní Anyama, pè wá wá jẹun nílé rẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ìyàwó rẹ̀ se adìẹ ní ọ̀nà tibẹ̀, tí wọ́n ń dé e mọ́ inú ìkòkò pa láì bu omi sí i, tí omi ara rẹ̀ á sè é. Díákónì dìde ó mú ife lọ́wọ́. Ó ní a mọ̀ pé Àdùkẹ́ ti tún kíláàsì kan náà kà, ó sì tún un kà. Òun ti pinnu pé bí tọdún yìí náà bá rí bẹ́ẹ̀, òun á yọ ọ́ níléèwé, òun á fi í ránṣẹ́ sí ìyá òun ní Ẹ̀jìgbò, kó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. "Bàbá yìí gan-an ni mo fẹ́ kó mú un lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ti ń kàwé báyìí! Kò lọ mọ́!"

Àdùkẹ́ fò sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá àwo adìẹ dànù.

"Gbé bébà tí o kà fún olùkọ́ rẹ yẹn wá," ni bàbá rẹ̀ wí, "kà á fún àwọn àlejò wa."

Ó gbé bébà, ó dúró ṣánṣán, ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn. Ewúrẹ́ wọṣọ, ewúrẹ́ gbé ewé, ewúrẹ́ jẹ ewé. Ewúrẹ́ dé ẹnu ọ̀nà àna. Àdùkẹ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "eruku ni." Ó sì tẹ̀síwájú.

Egungun adìẹ há mi lọ́fun.

*

Ikọ́ tèmi

Ojú ọ̀nà ni mo ti sọ fún Bísí pé mo ti sọ ìtàn ewúrẹ́ náà fún àwọn ọmọ, pẹ̀lú ikọ́. Ó dúró. Ó wò mí. Ó jókòó sí etí títì.

"Ikọ́ yín ni?"

"Ikọ́ mi ni."

"Gbogbo wọn ló wúkọ́, Bàbá! Níbì kan náà! Mo ní ọyẹ́ ni!" Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, ó sunkún díẹ̀, ó tún bọ́ sínú ẹ̀rín. "Àwọn ọmọ tí kò lè sọ Yorùbá méjì pọ̀, wọ́n há gbogbo ìtàn yín sórí, pẹ̀lú ikọ́! Ẹnu yín dùn jù, ẹ ba ìdánwò mi jẹ́!"

"Bísí, ṣé kí n máa sọ ọ́ burúkú ni?"

"Ẹ máa sọ ọ́ dáadáa. Ẹ ṣáà má sọ èyí tí mo bá kọ."

Lóru yẹn ó kọ ìtàn mìíràn. Nígbà tí mo yọjú, ó jókòó lé e. Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ó gbọ́ wọn lákọ̀tun. Pẹ́ẹ̀gì ń sọ̀ kalẹ̀ bí èso tó pọ́n: díẹ̀ kù lókè, àwọn kan dúró sórí gbólóhùn, àwọn kan sórí ọ̀rọ̀, okùn lẹ́tà náà rí tirẹ̀ gbà. Bísí kò banú jẹ́ o. Ó ń fọwọ́ pa ọwọ́ ni. Ó ní nísinsìnyí òun mọ ohun tí òun fẹ́ ṣe láàárọ̀ Sátidé: kíláàsì tí gbogbo pẹ́ẹ̀gì rẹ̀ bá wà lókè, kí lèèyàn fẹ́ kọ́ wọn?

Ṣùgbọ́n pẹ́ẹ̀gì Àdùkẹ́ dúró sí sílébù. Ó mọ lẹ́tà, kò mọ bí wọ́n ṣe ń dì mọ́ra. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà, méje ló kún orí okùn náà. Sámù, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ, wà lórí ọ̀rọ̀, lókè orí rẹ̀.

Àdùkẹ́ wá bá mi lábẹ́ igi. "Tọ́ntọ̀n, ìtàn, mo mọ̀ ọ́n," ni ó wí, ó ń ṣa Yorùbá rẹ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. "Kí ló dé tí ìwé ò mọ̀ mí?"

Ẹ̀yin, ìbéèrè ni wọ́n ń pè ní ìbéèrè.

*

Láàárín agbọ̀n obì

Díákónì gbọ́ ibi tí pẹ́ẹ̀gì dúró sí, ó ránṣẹ́ pé kí n múra, kí n mú ọmọ òun dání bí mo bá ń lọ sílé. Èmi àti Bísí wọ gbákà lọ bá a ní Anyama. Gbákà ni àwọn bọ́ọ̀sì kékeré tó ń sáré bí ẹni jí nǹkan. Ilé ìtajà rẹ̀ tutù, òórùn obì àti ewé tútù ló kún inú rẹ̀. Ìyá Àdùkẹ́ wà níbẹ̀, ó ń fi ewé bo agbọ̀n, bàbá arúgbó kan tó jẹ́ ọmọ Dyula sì ń ṣa obì.

Díákónì ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo iṣẹ́ mi. Ńlá ń lọ sínú ńlá, kékeré ń lọ sínú kékeré. Bí mo bá da ọmọ ọdún mọ́kànlá mọ́ àwọn tí eyín wọn ń yọ, ta ni ò ní í rín mi?"

Bísí ní, "Díákónì, ibi tó ti kọsẹ̀ la fẹ́ ti gbé e dìde. Bí mo bá fi í sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, á máa há nǹkan sórí títí yóò fi dàgbà."

"Kí àbúrò wà lókè ẹ̀gbọ́n? Kí Sámù máa wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílẹ̀? Irú èyí ò sí ní ilé wa!"

Ìyàwó rẹ̀ gbé ewé sílẹ̀. "Bàbá Àdùkẹ́, kò sí ní ilé ta ni?"

"Ní ilé wa."

"Ó dáa. Lọ́jọ́ tí mo wọ ilé yín, Jídé àbúrò yín tó ẹni ọdún mélòó?"

"Ọdún mẹ́rin, márùn-ún. Kí ló kan Jídé?"

"Ṣé ó ti ń wọ ṣòkòtò?"

Díákónì wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Kì í sábà wọ̀ ọ́."

"Kí ni mò ń pè é? Ẹ sọ fún Bàbá Ẹ̀jìgbò."

Díákónì fi ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu bí ẹni ń jẹ orógbó. "Akọ̀wé."

"Akọ̀wé! Ìdí ẹ̀ nìhòòhò, èmi àgbà obìnrin kúnlẹ̀, mo ní, 'Akọ̀wé mi, ẹ káàárọ̀.' Torí kí ni? Ìyá yín ló sọ fún mi: ẹni tó bá ti wà nílé kí ìyàwó tó wọlé, ìyàwó ò gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀, àgbà rẹ̀ ni nínú ilé yẹn. Ṣé mo kúrú? Ṣé n kò di ẹni tí Jídé ń bẹ lónìí pé kí n bá òun wá ìyàwó?"

Mo ti ń fi agbọ̀n bo ojú mi. Bísí ń gbọ̀n. Ìyá Àdùkẹ́ kò tíì parí.

"Ilé ni ìwé kíkà. Sámù ṣáájú Àdùkẹ́ wọ̀ ọ́. Kó kí i nínú ilé yẹn! Bí wọ́n bá jáde síta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ni, á sì na án bó bá ṣàìgbọràn."

Bàbá arúgbó tó ń ṣa obì kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn. Ó gbórí sókè, ó ní, "Patron, y a fohi." Ohun tí wọ́n ń sọ ní Abidjan nìyẹn nígbà tí wọ́n bá ní kò sí wàhálà, kí èèyàn gbà.

Díákónì rẹ́rìn-ín, inú sì tún bí i pé ó rẹ́rìn-ín. "Kó jókòó tì wọ́n, ó dáa. Ṣùgbọ́n kí Bàbá tó lọ, màá wá gbọ́ ọ. Kó ka ohun tí ẹnikẹ́ni ò kà sí i létí rí. Bí kò bá lè kà á, ó ń bá Bàbá lọ."

*

Ẹgbẹ́ sílébù

Iṣẹ́ mi ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni kí n jókòó ti ẹgbẹ́ sílébù, kí n sì pa ẹnu mi mọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò.

Bísí pín kíláàsì sí igun. Àwọn tòkè ń ka ìtàn fún ara wọn, àwọn ọlọ́rọ̀ ń fi ọ̀rọ̀ kọ́ gbólóhùn. Àwa ti sílébù, ọmọrí ìgò ni wọ́n dà síwájú wa, Bísí ti kọ sílébù sára wọn: bà, tà, ẹ, ja, lo. Wọ́n á mú méjì, wọ́n á fi wọ́n kan ara wọn, wọ́n á pè é, wọ́n á wò ó bóyá ọ̀rọ̀ jáde. Bí kò bá jáde, ẹ̀rín. Bó bá jáde, ariwo.

Àdùkẹ́ wọ àárín wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, orúnkún rẹ̀ ga ju orí wọn lọ. Ó wo ọmọ kékeré tó jókòó tì í, tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ dànù. Ó ní, "Eyínfúnjowó, ẹ káàárọ̀." Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ! Ọmọ náà ò mọ ibi tó máa fi ojú sí. Ó pe èkejì ní Akọ̀wé. Ó pe èyí tó sanra ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Wọ́n wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹni tó bá bọ́ sínú ẹgbẹ́ kankan nínú kíláàsì yẹn ní láti fún àwọn tó bá níbẹ̀ lórúkọ, kódà àwọn ti okùn òkè ń jowú wa.

Mo ń wo Àdùkẹ́ bó ti ń mú ọmọrí ìgò. Á mú ẹ, á mú ja. Ètè rẹ̀ á máa rìn. Ìdáhùn á ti dé ẹnu mi, màá sì gé e jẹ. Ó dùn mí bí ehín. Lọ́jọ́ kan ó so wọ́n pọ̀, ó ní, "Ẹ... ja." Ó tún un wí kíákíá. Ó wò mí, ojú rẹ̀ là rekete. "Tọ́ntọ̀n! Ẹja! Èyí tí à ń jẹ!" Mo ní òun náà ni. Mo jáde lọ jó lẹ́yìn ilé kí n tó padà wọlé.

*

Ológbò kan ń bọ̀

Sátidé tó kẹ́yìn, Díákónì dé, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í. Bísí gbé bébà kan jáde láti inú báàgì rẹ̀, ó ní òun kọ ọ́ láàárọ̀ yẹn, ojú ẹnikẹ́ni ò kàn án. Èmi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Èmi tí mo ti ń sọ ìtàn láti kékeré, mo jókòó bí ọmọdé tí kò mọ ohun tó ń bọ̀.

Àdùkẹ́ dìde. Kò dúró ṣánṣán bíi ti ìjọsí. Ó tẹ̀ bo bébà náà, ìka rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀rọ̀.

"Ì... yá. Ìyá... Ti... Títí... ra... ẹ... ja."

Ó burú létí! Ó ń fà bí ọkọ̀ tó ń gun òkè. Díákónì ń fi ọwọ́ nu iwájú orí. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí pé kó ràn án lọ́wọ́, ìyàwó rẹ̀ gbá a nítan. Mo rántí ewúrẹ́ tó ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ bí omi, mo sì mọ̀ pé èyí dára jù ú lọ ní ìlọ́po púpọ̀.

"O... ló... gbò. Ológbò... rí... i. Ológbò... wọ... fì... là."

Sámù ń mì lórí àga. Àdùkẹ́ fi ìka rẹ̀ rìn lọ sí ìlà tó tẹ̀ lé e. Ètè rẹ̀ ń rìn, kò tíì sọ ọ́ síta. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà. Ó tún un wò.

Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín ńlá, láti inú ikùn, ó fi bébà bo ẹnu. Gbogbo wa ń wo ara wa. Kò sẹ́ni tó tíì rẹ́rìn-ín, torí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà níbẹ̀! Nínú yàrá yẹn, yàtọ̀ sí Bísí tó kọ ọ́, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Díákónì ti dìde. "Kí ló wí? Àdùkẹ́, ológbò yẹn, kí ló wí?"

"Attends, Papa," ni Àdùkẹ́ wí. "Ẹ ní sùúrù. Mo ń bọ̀ níbẹ̀."

"Ọmọ yìí, sọ fún mi!"

"Díákónì, ẹ jókòó!" Ìyàwó rẹ̀, Bísí àti gbogbo ẹgbẹ́ sílébù ló jọ pariwo mọ́ ọn. Ó jókòó. Àdùkẹ́ nu ojú, ó gbé ìka rẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀, ó sì fà á wá fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń fa omi kànga: ológbò fi fìlà bo etí, ó ní, "Ẹ kú ọjà, Ìyá Títí. Èmi ni wọ́n ní kó wá bá yín ru ẹja."

Díákónì rẹ́rìn-ín títí bọ́tìnì aṣọ rẹ̀ kan fi já. Ó ní kó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Bísí ní rárá, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ òun á gbé òmíràn fún un. Ó gbé pẹ́ẹ̀gì Àdùkẹ́ kúrò lórí okùn sílébù, ó fi sórí ọ̀rọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Sámù. Àdùkẹ́ kọjú sí àbúrò rẹ̀, ó tẹ eékún díẹ̀, ó ní, "Adúmáadán, ẹ káàárọ̀." Sámù sá jáde.

Èmi nìkan ni mo wọ ọkọ̀ padà sí Ẹ̀jìgbò. Díákónì gbé agbọ̀n obì kékeré kan fún mi pé kí n fi jíṣẹ́ fún ìyá òun: kó má retí ọmọ.

Ìwọ tí o ti fara balẹ̀ gbọ́ mi débí yìí, ọmọ ilé tìrẹ ńkọ́: ìgbà wo ló ti rẹ́rìn-ín sí ohun tó ń kà, kí ìwọ tó mọ ohun tó wà níbẹ̀?